Nígbà Tí Tọ́ọ̀pù Gásíkẹ́ẹ̀tì Bá Jó: Àtúnṣe Ẹ́ńjìnnì Camry Àtijọ́

Ooru ló ń jó tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ooru náà sì ní ibi tó ti wá. Ẹni tó bá pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì láì wá orísun ooru náà rí, owó iṣẹ́ kejì ló ń tọ́jú sílẹ̀ fún mẹkáníìkì. Ìdí nìyí tí orí ìwé yìí kò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí sípánà. A ó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, a ó mọ ohun tó fà á, kí a tó tú bóòtù kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni Toyota Camry tó ń lo ẹ́ńjìnnì 2.2, èyí tí Toyota ń pè ní 5S-FE. Ẹ́ńjìnnì yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ Camry tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1992 sí 2001, tòkúnbọ̀ wọn sì pọ̀ lójú títì wa láti Èkó dé Ìlọrin. Èyí tí a ń pè ní Pencil light wà lára wọn. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ní ìdí. Irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, kì í tètè bàjẹ́. Bí táímíǹgì bẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá já lójú ọ̀nà, fáàfù rẹ̀ kì í kọlu písítìnnì. Ọkọ̀ yóò kàn kú ni, ẹ ó sì fà á délé. Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n sì wà ní gbogbo ìlú. Kò yẹ kí a torí gásíkẹ́ẹ̀tì kan tà á fún àwọn tó ń ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù.

Iṣẹ́ tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń ṣe

Búlọ́ọ̀kù ló wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, inú rẹ̀ ni písítìnnì ti ń lọ tó ń bọ̀. Tọ́ọ̀pù sílíńdà ló dé e lórí, ibẹ̀ ni fáàfù àti kamṣáàfù wà. Gásíkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì, bóòtù mẹ́wàá ló sì fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun mẹ́ta ni pẹlẹbẹ yìí ń yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn: iná tó ń jó nínú sílíńdà, omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, àti ọ́ìlì tó ń gòkè lọ sọ́dọ̀ kamṣáàfù. Bó bá jó níbì kan, méjì nínú mẹ́ta yìí á pàdé, àmì tí ẹ ó rí sì dúró lórí èwo ló pàdé èwo.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ náà le ni pé irin ni ìsàlẹ̀, alumíníọ̀mù ni òkè. Bí ara wọn bá gbóná, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì bí irin ṣe ń fẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ọkọ̀ tí ẹ sì pa á, òkè ń fà síbí, ìsàlẹ̀ ń fà sọ́hùn-ún, gásíkẹ́ẹ̀tì ló sì wà láàárín. Bí ooru bá wà níwọ̀n, ó lè fara dà á fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbẹ nínú ràdíétọ̀ nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ọ̀jọ́ta lọ́sàn-án gangan, tí awakọ̀ ń sọ pé òun yóò kúkú rọra wà á délé, tọ́ọ̀pù á fẹ̀ kọjá àyè tí àwọn bóòtù fún un. Nígbà tó bá tutù, kò ní tẹ́jú mọ́. Bí géèjì bá ti sún mọ́ pupa, ẹ pa ọkọ̀ níbi tó bá wà. Owó tí ẹ ó fi fà á kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí kìlómítà méjì péré lè bàjẹ́ sí i.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé òun gan-an ni

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ń gbóná ni gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jó. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti tú òkè rẹ̀ palẹ̀ tán kí ẹnì kan tó rí i pé fáànù ni kò ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì yín lórí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ ṣí ìdérí ràdíétọ̀, kí omi kún dé ẹnu, kí ẹ wá tan ọkọ̀. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí yìí láéláé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, nítorí omi tí agbára ìdérí tẹ̀ mọ́lẹ̀ máa ń gbóná kọjá 100°C láì hó, bí ẹ bá sì ṣí i, á hó lẹ́ẹ̀kan náà sójú yín. Ẹ máa wo omi inú ràdíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń móoru. Ìfófòó díẹ̀díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ atẹ́gùn tó há sínú róbà. Ṣùgbọ́n bí ìfófòó náà kò bá dáwọ́ dúró, tó ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń tẹ ìtẹ̀sẹ̀ iná, iná inú sílíńdà ló ń fẹ́ sínú omi yẹn. Àmì mìíràn tó bá a rìn ni kí róbà òkè ràdíétọ̀ le gbandi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ tan ọkọ̀ tútù, nígbà tí omi kò tíì gbóná rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ géèjì ọ́ìlì. Bí omi bá ti wọ inú ọ́ìlì, àwọ̀ rẹ̀ á funfun, á sì ki bí ògì. Ẹ kíyè sí i pé bí ẹ bá rí díẹ̀ irú rẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan, tí ara géèjì mọ́, ó lè jẹ́ ìrì tó kó síbẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ kì í rìn jìnnà. Ara géèjì ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí òun náà bá ti funfun, ẹ má ṣe tan ọkọ̀ yẹn mọ́, nítorí ọ́ìlì tó ti di omi kì í dáàbò bo bíárìn, bíárìn tó bá sì jẹ ni yóò sọ iṣẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì di iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì odidi.

Èéfín funfun láti ẹnu sàlẹ́ńsà náà ń sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, gbogbo ọkọ̀ ló ń rú èéfín díẹ̀, á sì tán. Èyí tó ń kọ wá lóminú ni èyí tó nípọn, tí kò tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí omi ràdíétọ̀ sì ń dín kù láìsí ibi tó ti ń jò sílẹ̀. Ẹ tú àwọn púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tò wọ́n sórí aṣọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Púlọ́ọ̀gì tí omi ń wọ sílíńdà rẹ̀ máa ń mọ́ ju àwọn yòókù lọ, bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́.

Èyí tó dá mi lójú jù ni géèjì kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, èyí tó ń wọn agbára tí sílíńdà fi ń tẹ atẹ́gùn. Kò wọ́n, mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ní in. Wọ́n á gé iná púlọ́ọ̀gì àti ti epo kúrò, wọ́n á de géèjì náà sójú ihò púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á sì máa fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Lára 5S-FE, ìyàtọ̀ láàárín sílíńdà méjì kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bí 14 psi. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá lọ sílẹ̀ pa pọ̀, àárín wọn ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ríǹgì písítìnnì ló sábà máa ń jẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní tún un ṣe.

Ta ló jó o?

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn wà níwájú ọkọ̀. Ẹ wo ràdíétọ̀: ṣé ìdọ̀tí àti kòkòrò ti dí i lójú, ṣé ìpẹtà ti dí i nínú? Omi kànga tí a ń dà sínú rẹ̀ láti ọdún mọ́dún ló ń kó ìpẹtà àti erùpẹ̀ wọ inú rẹ̀. Kúláǹtì kì í ṣe nǹkan òyìnbó tí ilẹ̀ wa kò nílò. Kì í ṣe ìdì dídì nìkan ló ń dènà. Ó ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó, ó sì ní oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà àti kí alumíníọ̀mù jẹ. Ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀ nínú, ni kí ẹ máa lò. Ẹ má ṣe gbé e kalẹ̀ ní gbangba o: ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ọmọdé àti ẹran.

Ẹ wo fáànù. Bí omi bá ti gbóná dé ìwọ̀n rẹ̀, fáànù gbọ́dọ̀ yí fúnra rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ yí nígbà tí ẹ bá tan ẹ́síì. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ṣùgbọ́n tó ń tutù nígbà tó ń sáré lọ́nà Ìbàdàn, fáànù tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìdérí ràdíétọ̀ tó ti rẹ̀ náà wà nínú ẹjọ́ yìí: bí kò bá lè tẹ omi mọ́lẹ̀ mọ́, omi á hó kí ó tó yẹ. Owó kékeré lẹ máa fi pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ dúró díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tẹ́mósítáàtì. Àwọn mẹkáníìkì wa púpọ̀ máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Èmi kò gbà. Tẹ́mósítáàtì ẹ́ńjìnnì yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82°C, iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe. Ó ń di omi mú títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó bó ṣe yẹ. Nígbà tó bá wá ṣí sí ràdíétọ̀, ó tún ń ti ọ̀nà àbùjá kan pa, ọ̀nà tí omi ń gbà yí nínú ẹ́ńjìnnì láì kọjá sí ràdíétọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá yẹn ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo, apá kan omi gbígbóná á sì máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láì tutù. Ní ọ̀nà tó ṣí, ẹ́ńjìnnì á tutù jù, á máa mu epo; níbi ìdúró, á gbóná. Bí tẹ́mósítáàtì bá ti há, ẹ ra òmíràn. Kí ẹ fi ojúlówó rẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń tún ẹ́ńjìnnì tò.

Wọ́tà pọ́ǹpù náà wà lára àwọn tí a máa ń fura sí. Lára 5S-FE, táímíǹgì bẹ́ẹ̀tì ló ń yí i. Ẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láì tú bẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì tú bẹ́ẹ̀tì láti yọ tọ́ọ̀pù. Nítorí náà ẹ pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù, bẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ tó ń fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ kan náà ni, owó ọwọ́ kan náà.

Tún un ṣe, àbí kí a pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì?

Àwọn kan á ní kí ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀, ní ọjà Ládìípọ̀ ní Èkó, kí ẹ fi tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó lè bọ́ sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti nọ́ọ̀kì, tí bíárìn ti jẹ, tàbí tí ọkọ̀ ti fi ọ́ìlì olómi rìn jìnnà, èmi náà á ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì yín bá dá lára nísàlẹ̀, tí kò jẹ ọ́ìlì, tí kò dún, ẹ tún un ṣe. Ẹ mọ ìtàn tiyín. Ẹ kò mọ ìtàn èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ní ìsọ̀, tí wọ́n fi epo fọ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ pé nítorí ooru ni wọ́n ṣe yọ òun náà kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun nínú, kí ẹ sì lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe ní ọ́fíìsì láísẹ́ńsì, nítorí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé, ọlọ́pàá sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin tó ń wa Camry tí a ń pè ní Big Daddy tàbí Muscle àkọ́kọ́, tó ń lo ẹ́ńjìnnì 2.4, ẹ gbọ́ tiyín lọ́tọ̀. Ẹ́ńjìnnì yín, 2AZ-FE, alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì lo bẹ́ẹ̀tì, ṣéènì ló ní. Àìsàn tí a mọ̀ mọ́ ọn ni pé ihò bóòtù tọ́ọ̀pù, pàápàá àwọn tó wà lẹ́yìn lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀ àti èrò, máa ń jẹ, bóòtù á máa yí láì dè. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní dúró lórí irú ihò bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ lu ihò náà, kí wọ́n ki ọrùn irin tuntun bọ inú rẹ̀, kí wọ́n tó tò ó. Bí ẹni tí ẹ gbé e lọ bá ní gọ́ọ̀mù lòun fẹ́ fi mú bóòtù dúró, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Oògùn tí wọ́n ń dà sínú ràdíétọ̀ pé kó di ibi tó ń jò ńkọ́? Ó lè gbé yín délé. Kò lè gbé yín lọ sí oṣù tó ń bọ̀, ó sì lè dí ràdíétọ̀ tó wà ní àlàáfíà.

Títú u

Kí ẹ́ńjìnnì tutù. Kí wọ́n yọ bátìrì, kí wọ́n jo omi àti ọ́ìlì sínú ọpọ́n. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ibi tí wáyà àti róbà ti so mọ́ra, kí ẹ sì lẹ pépà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọṣẹ́ tó ní òun mọ̀ ọ́n lórí, òun náà máa ń gbàgbé bí iṣẹ́ bá gba ọjọ́ méjì. Ẹ ra ike kékeré bíi mẹ́fà, kí ọ̀wọ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan ní ike tirẹ̀. Bóòtù gígùn tó wọ ihò kúkúrú ti ba ọ̀pọ̀ ihò jẹ́.

Wọ́n á yí ẹ́ńjìnnì títí àmì táímíǹgì á fi bára mu, wọ́n á sì tú bẹ́ẹ̀tì. Kamṣáàfù méjì ló wà lórí, bẹ́ẹ̀tì ń yí ọ̀kan, jíà sì ń yí èkejì. Jíà yẹn jẹ́ méjì tó lẹ̀ mọ́ra, sípíríǹgì wà láàárín wọn. Kí wọ́n fi bóòtù kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6 dè é mọ́ra kí wọ́n tó yọ kamṣáàfù. Àwọn ìdè kamṣáàfù ni kí wọ́n máa tú díẹ̀díẹ̀ lọ́gbọọgba, kí ó lè dìde pẹ̀lú ìtẹ́jú. Bí apá kan bá dìde ju ìkejì lọ, ó lè ṣẹ́.

Bóòtù tọ́ọ̀pù mẹ́wàá náà, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín ni wọ́n ń gbà tú wọn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá tú àárín kọ́kọ́, tọ́ọ̀pù lè ká. Bó bá wá lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣísẹ́ẹ̀lì tàbí sọ́kírúdiráfà gbá a láàárín ojú méjèèjì. Àpá kékeré kan níbẹ̀ tó láti jẹ́ kí omi jò. Ibi tó yọrí síta ni kí ẹ fi igi gbá. Ẹni méjì ni kó gbé e, kí wọ́n sì gbé e sórí igi méjì, kì í ṣe sórí ilẹ̀.

Wíwọ̀n rẹ̀, níbi tí iṣẹ́ ti ń yè tàbí tí ó ti ń bàjẹ́

Ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dáadáa kí wọ́n tó jù ú. Ibi tó jó máa ń dúdú, á sì ti jẹrà. Ẹ gbé e sórí tọ́ọ̀pù, kí ẹ rí sílíńdà tó wà níbẹ̀, kí ó sì bá ohun tí géèjì kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n sọ mu. Bí kò bá mu, ẹ dúró, ẹ wá a sí i.

Kí wọ́n fọ ojú tọ́ọ̀pù àti ojú búlọ́ọ̀kù mọ́ pẹ̀lú ike tó mú lẹ́nu àti epo. Kò yẹ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ onípépà yíyí sí i: ó ń gbẹ́ alumíníọ̀mù láì tẹ́jú, eruku rẹ̀ sì ń wọ inú ọ̀nà ọ́ìlì, ibẹ̀ ló ti ń lọ jẹ bíárìn. Ẹ wo ihò bóòtù inú búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú iná. Bí omi tàbí ọ́ìlì bá kún inú rẹ̀, kí wọ́n fẹ́ ẹ jáde, nítorí bóòtù tó bá tẹ omi mọ́lẹ̀ nínú ihò tó di nísàlẹ̀ lè la búlọ́ọ̀kù.

Ìgbà yìí ni ẹ máa bèèrè fún fílà géèjì, àwọn abẹ irin tín-tìn-tín tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára, àti irin gígùn kan tí a mọ̀ pé ó tọ́. Kí wọ́n gbé irin náà lé ojú tọ́ọ̀pù lórí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n máa gbìyànjú láti ti abẹ 0.05 mm bọ abẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé e níbùú, kí wọ́n wá gbé e láti igun dé igun, ìhà méjèèjì. Níbi tí abẹ bá ti wọlé láì tiraka, ibẹ̀ ti ká. Ìwọ̀n 0.05 mm kéré ju irun orí lọ, ṣùgbọ́n òun ni ààlà tí Toyota fi sí ojú tó kọ sí búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá mẹkáníìkì lè ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ojú mi ti rí i, ó tẹ́jú." Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀yin ni ọ̀gá, sà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n." Ojú kò lè rí ìwọ̀n yẹn. Kí wọ́n wọn ojú búlọ́ọ̀kù náà bákan náà.

Bó bá ti ká, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá ojú irin, ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sí sìkíìmù. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fá ìwọ̀nba tó máa tẹ́jú, kí wọ́n má fá jù. Kí wọ́n tó fá a, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán. Àárín fáàfù méjì nínú sílíńdà kan náà ni ó sábà máa ń sán sí. Wọ́n á dí gbogbo ọ̀nà omi rẹ̀, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, wọ́n á rì í sínú omi gbígbóná; ibi tó bá ń fófòó, ibẹ̀ ló sán. Tọ́ọ̀pù tó sán láàárín fáàfù, mo máa ń ní kí wọ́n wá òmíràn tó jẹ́ tòkúnbọ̀, kí wọ́n wọn òun náà, kí wọ́n sì fẹ́ ẹ.

Kí wọ́n da epo sínú ihò ibi tí èéfín ń gbà jáde àti ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kí wọ́n wò ó bóyá ó ń jò kọjá fáàfù. Bó bá ń jò, wọ́n á lọ̀ fáàfù. Wọ́n á sì pààrọ̀ síìlì fáàfù gbogbo, nítorí wọn kò wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì ní ṣí òkè yìí mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Rírà

Ní Ládìípọ̀, tàbí ní Àràrọ̀mí tó wà ní Gate ní Ìbàdàn, wọ́n á bi yín pé èwo lẹ fẹ́: ojúlówó, Táíwàn, tàbí Ṣáínà. Lórí gásíkẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ má ṣe ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ẹ mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ. Ẹ gbé tuntun lé e lórí, kí gbogbo ihò bára mu, ihò omi àti ihò ọ́ìlì, láìku ọ̀kan. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ihò sílíńdà, kí irin tó yí i ká má ṣe ní ìtẹ̀. Bí ọ̀rá rẹ̀ bá ti ya tí ó sì ti ká, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ ra bóòtù mẹ́wàá tuntun pẹ̀lú rẹ̀, nítorí irú bóòtù yìí máa ń nà bí wọ́n bá ti dè é.

Dídè é

Gásíkẹ́ẹ̀tì lọ sórí búlọ́ọ̀kù ní gbígbẹ. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí gíríìsì, láìka ohun tí wọ́n bá sọ sí. Gọ́ọ̀mù tó bá yọ wọ ọ̀nà ọ́ìlì á dí i, kamṣáàfù á sì gbẹ. Ẹ wo ojú tó yẹ kó wà lókè, kí gbogbo ihò sì kọ sí ara wọn. Ẹni méjì á gbé tọ́ọ̀pù lé e lórí ní tààrà, láì fà á.

Ẹ kun ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ sí ara ọ̀já bóòtù àti abẹ́ orí rẹ̀. Ní báyìí, tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì, sípánà tó ń sọ bí agbára tí ẹ fi dè é ṣe tó, kì í ṣe ohun àfẹ́rí. Mẹkáníìkì tó bá ní ọwọ́ òun mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ bá a yá a lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìwọ̀n ti 5S-FE jẹ́ 49 Nm. Láti àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á dè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí gbogbo bóòtù mẹ́wàá tó dé 49.

Iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Ẹ mú ọ̀dà funfun, kí ẹ kán ẹ̀kán kan sí iwájú orí bóòtù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìhà tó kọ sí iwájú ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, ní ìtẹ̀léra kan náà, kí wọ́n yí bóòtù kọ̀ọ̀kan ní 90°, ìdá mẹ́rin òòyì kan. Bí wọ́n bá parí, gbogbo ẹ̀kán ọ̀dà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbọ́dọ̀ ti ṣí kúrò níwájú, kí wọ́n dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan náà. Bí ọ̀kan kò bá dé ibẹ̀, tàbí tí ọ̀kan yí láì tako ọwọ́, ẹ dúró, kí ẹ yọ ọ́ wò. Ẹ wà níbẹ̀ fúnra yín nígbà tí wọ́n bá ń ṣe èyí. Ẹ lè fi ọ̀sán kan jókòó sínú ìsọ̀ fún un. Òun ni iṣẹ́ tí ẹ sanwó fún.

Kamṣáàfù, wọ́tà pọ́ǹpù, bẹ́ẹ̀tì àti tẹ́mósítáàtì tuntun á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí bẹ́ẹ̀tì bá wà nípò, kí wọ́n fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì ní òòyì méjì, kí àmì táímíǹgì sì tún bára mu, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.

Títan án

Ọ́ìlì tuntun àti fílítà tuntun. Ẹ da kúláǹtì sínú ràdíétọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fún róbà rẹ̀ lọ́wọ́ kí atẹ́gùn jáde. Ẹ ṣí híta inú ọkọ̀ sí gbígbóná pátápátá, kí omi lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tan ọkọ̀ láì dé ràdíétọ̀, kí ẹ máa bu kúláǹtì sí i bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Èéfín funfun á rú ní ìbẹ̀rẹ̀, omi tó kù nínú sàlẹ́ńsà ló ń gbẹ. Nígbà tí tẹ́mósítáàtì bá ṣí, ẹ ó rí omi tó lọ sílẹ̀ lójijì, róbà tó wà lápá kejì ràdíétọ̀ náà á sì gbóná. Ẹ kún un, ẹ dé e, kí ẹ sì dúró títí fáànù á fi yí tí á fi kú, lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ kò tíì yí níṣojú yín, ẹ má ṣe gbé e kúrò nínú ìsọ̀.

Ìrìn àkọ́kọ́ kò yẹ kó kọjá àdúgbò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ wo ìwọ̀n omi àti ara géèjì ọ́ìlì. Ó lè lọ sílẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nítorí atẹ́gùn tó kù. Ẹ fi kún un. Bó bá ṣì ń lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ẹ wá ibi tó ń jò sí nísàlẹ̀ wọ́tà pọ́ǹpù àti lára róbà kí ẹ tó fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá ti wọ ọ́ìlì kí wọ́n tó tún un ṣe, ẹ tún ọ́ìlì náà àti fílítà pààrọ̀ lẹ́yìn nǹkan bí 500 kìlómítà, nítorí ìyókù omi á ti bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà àti iye tó wà lójú kìlómítà sínú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ kúláǹtì tí ẹ lò síbẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú àpótí iwájú ọkọ̀ fún ẹni tó máa ṣí i lẹ́yìn yín.